Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: bí a ṣe lè gé àpólà ọ̀rọ̀ inú ìwé Fágúnwà láìṣà, kí a tò ó di ewì

Àṣàkẹ́_Olùkàwé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ní ẹgbẹ́ olùkàwé kékeré kan níbí ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tán ni, ẹnu wa ò sì tíì kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa wá dá a lábàá pé kí á gé gbólóhùn jáde nínú ìwé náà láìṣà, ibi tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà, kí á tò wọ́n di ewì tuntun.

Mo ti rí i kà pé ọ̀nà tí akéwì kan, Tristan Tzara, là sílẹ̀ ní 1920 ni pé kí èèyàn gé ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó dà wọ́n sínú àpò, kí ó gbọn àpò náà, kí ó wá máa mú wọn jáde, kí ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde. Lójú tèmi, bí a bá ṣe Yorùbá bẹ́ẹ̀, "ni", "tí", "sì" àti "ń" nìkan ni yóò kún ọwọ́ wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dán irú rẹ̀ wò, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Báwo lẹ ṣe ń mú ojú ìwé? Kí lẹ ń ṣe sí èyí tí kò bá bára mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Àṣàkẹ́, o káre láé. Ohun tí o rò yẹn tọ̀nà. Èdè Faransé ni Tzara fi kọ ìlànà rẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ gan-an ni òun àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dada sì ń wá lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918. Bí kì í bá ṣe ìdàrúdàpọ̀ ni ìwọ náà ń wá, má gé ẹyọ ọ̀rọ̀.

Àpólà ni kí o gé, láti ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí méje. Bó bá kéré sí mẹ́ta, kò ní ẹran lára. Bó bá ju méje lọ, òǹkọ̀wé ṣì ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. Ibi tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ gbé àlùmọ́gàjí sí ni iwájú "tí", "bí", "nígbà tí", "ṣùgbọ́n", "títí", "sí" àti "ní". Àpólà tó bá fi "sí" tàbí "ní" bẹ̀rẹ̀ wúlò púpọ̀, torí ó lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe tó pọ̀ láìsí wàhálà. Àmọ́ má jẹ́ kí àlùmọ́gàjí gba àárín ọ̀rọ̀ tó ti súnkì kọjá. Bí o bá gé "gbọ́mọ" tàbí "ṣíjú" sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan ò ní ṣe é lò.

Jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ hàn ọ́. Bíbélì àtijọ́ ni mo lò, torí ọ̀rọ̀ òfin tí ẹlòmíì yóò sọ. Mo mú Oníwàásù orí 1, ẹsẹ 18 ló ní. Mo mú Sáàmù 23, ẹsẹ 6. Àpapọ̀ rẹ̀ 24. Mo kọ nọ́ńbà 1 dé 24 sára ìwé pélébé, mo dà wọ́n sínú igbá. Ẹsẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jáde, àpólà kan péré ni mo láṣẹ láti gé nínú rẹ̀, mo sì ń dá nọ́ńbà náà padà sínú igbá. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ 5 Sáàmù fi jáde lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ni mo tò:

Ìran kan lọ
sí ìhà omi dídákẹ́rọ́rọ́,
ago mi sì kún àkúnwọ́sílẹ̀;
oòrùn sì wọ̀
ní ojú àwọn ọ̀tá mi.

Kò sí ọ̀rọ̀ tèmi kankan níbẹ̀, ìtò nìkan ni tèmi. Nínú Sáàmù, oúnjẹ ni wọ́n tẹ́ ní ojú àwọn ọ̀tá yẹn. Níbí, oòrùn ló wọ̀ sí wọn lójú. Wo "Ìran kan lọ" àti "oòrùn sì wọ̀" náà: ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àmọ́ ohùn ìparí ti àkọ́kọ́ wà ní àárín, ti èkejì lọ sílẹ̀. Bí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, má jù wọ́n nù. Fi ọ̀kan sí iwájú, fi èkejì sí ibi tí o fẹ́ kí ewì ti yí.

Baba_Àgbà_Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra. Akéwì a máa ronú kó tó lanu. Ẹni tó ń ki oríkì mọ ẹni tí òun ń kì, ó mọ bàbá rẹ̀, ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń tà. Ẹ̀yin wá fẹ́ kí igbá máa bá yín ronú. Ẹ pè é ní eré, n ò ní bá yín jà. Ẹ má pè é ní ewì.

Ọmọ_Awo_Ọ̀ṣogbo

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi, mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, kò mọ èyí tí yóò jáde nínú odù 256. Àwa tí a gba Ifá gbọ́ ò ní pè é ní èèṣì, Ifá ló yàn án. Àmọ́ kì í ṣe babaláwo ló yàn án, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Lẹ́yìn tí odù bá ti jáde, babaláwo yóò máa ki ẹsẹ odù náà, ẹsẹ kan lẹ́yìn òmíràn, ẹni tó wá dáfá ni yóò sì gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn tó gbé wá mu. Ọpọ́n nìkan kọ́ ló parí iṣẹ́. Etí ẹni tó jókòó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, Àṣàkẹ́, ẹ fa àpólà tó pọ̀ jáde ju èyí tẹ́ ẹ máa lò lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìlà mẹ́fà, ẹ fa ogún. Kí gbogbo yín jókòó, kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí ẹni tí ọ̀kan bá bá lára mu nawọ́ gbà á.

Ìkìlọ̀ kan o: a kì í gé ẹsẹ Ifá, a kì í sì í mú ti odù kan lẹ̀ mọ́ ti òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìtàn àròsọ máa gba eré yìí.

Alfa_Kékeré_Ìlọrin

Àti Al-Kùránì náà, ẹ jọ̀ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá pàápàá, ẹ má fi àlùmọ́gàjí kàn án.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà kan tí kò gba àlùmọ́gàjí rárá, àdúgbò wa níbí ló sì ti ṣẹ̀. Ọkùnrin ayàwòrán kan wà, Tom Phillips. Ní 1966, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù àga àti ìwé ní Peckham Rye, ní Lọ́ńdọ̀n, ó ní ìwé àkọ́kọ́ tó bá nítumọ̀ tí òun bá rí ní tọ́rọ́ ni òun yóò fi ṣiṣẹ́. (Tọ́rọ́ ti àwọn ìyá wa àgbà yẹn náà ni, kọ́bọ̀ mẹ́ta owó Gẹ̀ẹ́sì.) Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà ni ìtàn àròsọ kan tí W. H. Mallock kọ ní 1892, A Human Document. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà, ó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa yọjú. Ìwọ̀nba tó yọjú ni ewì. Ó ṣẹ́ ojú ìwé kan po, àárín àkọlé ìwé náà bọ́ sábẹ́, ó ku A Humument, ìyẹn ló fi sọ iṣẹ́ tirẹ̀ lórúkọ. Àádọ́ta ọdún ló fi wà lórí ìwé kan ṣoṣo yìí, ó ń tún un kùn léraléra. Ẹ̀dà tó kẹ́yìn jáde ní 2016, bàbá náà sì kú ní 2022.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún Yorùbá, torí pé ọ̀rọ̀ ò kúrò ní àyè rẹ̀. Láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀ ni a ó máa kà á, nítorí náà olùwà sábà máa ń ṣáájú ìṣe rẹ̀, àlàyé á sì tẹ̀lé e. Kò nílò àtúnṣe púpọ̀. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ojú ìwé náà, kí ó tóbi díẹ̀ ju ti inú ìwé lọ. Ẹ fi pẹ́ńsù yí àpólà tẹ́ ẹ fẹ́ ká, ẹ fa ọ̀nà tóóró láti ọ̀kan dé èkejì kí ojú lè mọ ibi tí yóò gbà, kẹ́ ẹ tó kun ìyókù.

Ohun tó máa ń ṣe Yorùbá ní tirẹ̀ ni àmì. Ọ̀dà a máa tètè gbé àmì ohùn orí lẹ́tà mì, àmì ìsàlẹ̀ ṣ, ẹ, ọ náà kì í pẹ́ lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Bíró dúdú tín-ín-rín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí i ká kí ọ̀dà tó dé.

Kọ́ńdọ́_Kọ̀ǹpútà

Èmi ò mọ ewì, nọ́ńbà ni iṣẹ́ mi. Gbogbo yín ń sọ pé "láìṣà", àmọ́ ẹ ṣọ́ra.

Bẹ́ ẹ bá kàn ṣí ìwé gbàá, tẹ́ ẹ ní ojú ìwé tó ṣí yẹn ni, ẹ ti ṣà á láìmọ̀. Ìwé tí èèyàn ti kà dáadáa máa ń ṣí sí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó máa bá ara yín lójoojúmọ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìgbẹ̀yìn ò sì ní jáde láé.

Dáìsì lúdò méjì ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá ro méjèèjì pọ̀, 7 ni yóò máa jáde jù, torí ọ̀nà mẹ́fà ni 7 lè gbà wá nínú 36, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni 2 ní, ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni 12 ní. Ẹ má rò wọ́n pọ̀. Kí àwọ̀ wọn yàtọ̀: pupa fún ìpínrọ̀, funfun fún ìlà.

Fún ojú ìwé, ẹ kọ 0 dé 9 sára ìwé pélébé mẹ́wàá, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa dá a padà lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. 0, 7, 2 túmọ̀ sí ojú ìwé 72. Bó bá ju iye ojú ìwé tí ìwé yín ní lọ, tàbí kó jẹ́ 000, ẹ tún un fà. Kò sí ojú ìwé tí yóò rí ojúsàájú.

Fóònù náà lè ṣe é, àmọ́ mo ti rí i pé àwọn ọmọdé kì í gba fóònù gbọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn fà ni wọ́n ń gbà.

Akọ̀wé_Òfin

Ọ̀rọ̀ òfin tí Tíṣà yà kúrò lórí rẹ̀ rèé. Fágúnwà kú ní 1963. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 ní ẹ̀tọ́ yóò wà lórí iṣẹ́ lítíréṣọ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Títí ìparí 2033 nìyẹn, kì í sì í ṣe lórí Ògbójú Ọdẹ nìkan. Igbó Olódùmarè, Ìrèké Oníbùdó, gbogbo wọn ni.

Òfin yẹn kan náà fi àyè sílẹ̀ fún ìlò ara ẹni àti ìkẹ́kọ̀ọ́ tí kò mówó wọlé. Kẹ́ ẹ jókòó nínú yàrá yín, kẹ́ ẹ gé fọ́tókọ́pì ojú ìwé díẹ̀, kẹ́ ẹ tò ó, kò sí ẹni tí yóò bá yín ṣe ẹjọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré kẹ́ ẹ tà á, tàbí kẹ́ ẹ fi sára aṣọ, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà ṣáájú. Ẹ má sọ pé "ọ̀rọ̀ márùn-ún márùn-ún péré ni". Bí márùn-ún bá di ọgọ́rin, ìwé ẹnìkan ló kù lọ́wọ́ yín.

Ti Bíbélì àtijọ́ yàtọ̀. Àjàyí Crowther kú ní 1891, ẹ̀tọ́ orí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí tipẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe lè ní olówó tirẹ̀, ẹ yẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ wò.

Àṣàkẹ́_Olùkàwé

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin bàbá Ọ̀yọ́, mo gbọ́ yín o.

Ìbéèrè kù. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa, ti àtijọ́ ni: "aiye", "enia", "nwọn", àmì ohùn ò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ṣé kí á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Bí "mo" àti "ó" àti "wọ́n" bá dàpọ̀ nínú ewì kan ńkọ́? Àti orúkọ: kò sí ojú ìwé tí a ṣí tí a ò bá Àkàrà-Oògùn, tàbí Kàkó, tàbí Agbákò.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Àkọtọ́ ná. Yí gbogbo rẹ̀ sí ti òde òní, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, àfi bó bá jẹ́ pé gbogbo ewì náà ni o fẹ́ fi sílẹ̀ ní ti àtijọ́. Ohun tí n kò fẹ́ ni "aiye" nínú ìlà kìíní àti "ayé" nínú ìlà kẹta. Àmì ohùn: fi sí i kí o tó gé e, nígbà tí gbólóhùn ṣì wà lódindi níwájú rẹ. Lẹ́yìn tí o bá ti gé e, o lè máà rántí ohun tó ń sọ mọ́.

Arọ́pò-orúkọ: ẹ jọ fẹnu kò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa ni pé a lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò, a lè yí arọ́pò-orúkọ padà, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Àwọn kan ò gbà kí á yí ohunkóhun padà, n kò bá wọn jiyàn, àmọ́ ewì wọn máa ń dá dúró ní ìlà kẹrin. Bí o bá sọ "ó" di "mo", wo ohun tó wà níwájú. "Ó kò" kì í sí, "mo kò" náà kì í sí. Bí "kò" bá wà níbẹ̀, "n kò" tàbí "èmi kò" ni. Gírámà kékeré yìí ni ẹni tó ń gbọ́ ewì yóò fi mọ̀ pé o ò kàn ṣa ìwé jọ.

Orúkọ: yọ gbogbo wọn. Bí Agbákò bá fi lè yọjú nínú ewì rẹ, gbogbo ẹni tó ti ka ìwé náà yóò sá padà lọ bá Fágúnwà, wọn ò ní gbọ́ tìrẹ mọ́.

Nǹkan kan tí o ò bi mí: Fágúnwà fẹ́ràn kí ó máa to nǹkan jọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe iwin kan, yóò ka ojú rẹ̀, yóò ka ẹnu rẹ̀, yóò ka ìrù rẹ̀. Ibi tí ó ti ń kà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ti máa fà. Gígùn àwọn àpólà náà ti dọ́gba tẹ́lẹ̀, ìlù ti wà nínú wọn. Ibi tí àwọn ọdẹ inú ìwé náà dé Òkè Láńgbódó, tí Ìrágbéje ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lójoojúmọ́, ìwàásù pọ̀ níbẹ̀. Àpólà ibẹ̀ a máa dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí o bá gé e. Bí ẹ bá ní inú igbó nìkan ni ẹ ó ti fà, kí ẹ tó wá jẹ́ kí nọ́ńbà yan ojú ìwé, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, lórí ti orúkọ n kò fara mọ́ yín. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ní ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a ti gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ó máa ń ta èèyàn jí.

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Ìyá Ìbejì, ó dáa, ẹyọ kan. Kó má jẹ́ Agbákò ṣá.

Ọ̀gá_Kíláàsì_Mẹ́rin

Fún àwọn tó ní ọmọdé lọ́dọ̀: Raymond Queneau, ará Faransé, tẹ ìwé kan jáde ní 1961 tó jẹ́ ewì mẹ́wàá, ìlà 14 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gé ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí òǹkàwé lè ṣí ìlà kìíní láti inú ewì yìí, ìkejì láti inú tọ̀hún. Iye ewì tó lè ti inú rẹ̀ jáde jẹ́ 1 pẹ̀lú òdo 14 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀mí ẹnì kan ò lè kà á tán.

Mo dín in kù fún àwọn ọmọ mi. Ojú ìwé mẹ́rin, ìlà márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpólà tí wọ́n fà nínú ìwé ìtàn ni. A fi gúlúù lẹ ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀ bí ìwé, a gé àárín ìlà kan sí èkejì. Ewì 1,024 ló wà nínú rẹ̀, inú wọn sì dùn nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra wọn. Àṣírí rẹ̀ ni pé kí ìlà kìíní nínú ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dárúkọ ẹni tàbí nǹkan, kí ìkejì sọ ohun tó ṣe, kí ìkẹta sọ ibi tó ti ṣe é, ìkẹrin ìgbà wo, ìkarùn-ún ohun tó sọ. Bí ìlà kan bá kúrò ní ipò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Kò sí pé à ń wá ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn dún bákan náà bíi ti àwọn Faransé, nítorí náà ó rọrùn fún wa ju tiwọn lọ.

Kọ́ńdọ́_Kọ̀ǹpútà

Ó pé, 4 × 4 × 4 × 4 × 4, 1,024 ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò 😄

Mo gbọ́ pé òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Burroughs, náà a máa gé ojú ìwé sí mẹ́rin, kí ó yí wọn sípò padà, kí ó kà á lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ayàwòrán, Brion Gysin, ló kọ́kọ́ rí i ní Paris ní 1959, nígbà tó ń gé páálí tí abẹ rẹ̀ sì gé àwọn ìwé ìròyìn tó tẹ́ sábẹ́. Ṣé ìyẹn lè ṣiṣẹ́ fún Yorùbá?

Tíṣà_Ìjẹ̀bú

Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ abẹ yóò gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá ní gbogbo ìlà, àtúnṣe yóò sì pọ̀ ju ewì lọ. Ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ́.

Baba_Àgbà_Ọ̀yọ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ti ọmọ awo yẹn ní ọgbọ́n nínú. Ìlà márùn-ún Tíṣà náà, mo kà á fún ìyàwó mi, ó ní ta ló kú. N kò tíì gbà pé ewì ni. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́n sí i, ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń sun rárà.

Àṣàkẹ́_Olùkàwé

Bàbá, a ó lọ, ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún wa.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí rèé. Fọ́tókọ́pì ni a ó lò. Inú igbó nìkan ni a ó ti fà, nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta láti inú fìlà, ogún àpólà, mẹ́fà ni a ó mú. A lè yọ, a lè yí arọ́pò-orúkọ padà, a ò ní fi kún un. Orúkọ kan, bó bá pọn dandan. Àwọn méjì nínú wa fẹ́ràn ti ọ̀dà Ìyá Ìbejì, àwọn yóò ṣe tiwọn lọ́tọ̀.

Ìkan tó kù: nígbà tí a bá gbé e síbí, orúkọ ta ni kí á kọ sábẹ́ rẹ̀?

Akọ̀wé_Òfin

Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín pé ẹ̀yin lẹ tò ó. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ pé inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, D. O. Fágúnwà, 1938, ni ẹ ti gé ọ̀rọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì to nọ́ńbà ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà ọwọ́ yín, torí ojú ìwé ẹ̀dà kan sí èkejì kì í bára mu. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ yín lọ́wọ́ wò yóò lè ṣí i.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Kẹ́ ẹ sì to àpólà mẹ́rìnlá tẹ́ ẹ jù nù sábẹ́ rẹ̀. Èmi fẹ́ rí wọn, bóyá mo lè rí nǹkan mú níbẹ̀.